Ẹ̀dọ̀ Ọmọ Inú Rẹ, àti Ìbẹ́pẹ Tí Ìyá Rẹ Kò Jẹ Mọ́

Jójú, Sàngó-Ọ̀tà.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ẹni kẹta tó wà láàárín yín tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ wà, èmi náà wà, òrùlé wa kò jò ju ti èṣí lọ.

Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ dé ọwọ́ mi. O ní, "Bàbá mi, ẹ bá mi fi àpótí aṣọ ọmọ tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín ránṣẹ́ sí Agbára. Aṣọ tí èmi àti Bọ̀dá Múfú wọ̀ ṣì dára, kí ni mo fẹ́ máa ra tuntun fún?" Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, nítorí ohùn ara mi ni mo gbọ́. Ta ló kọ́ ọ ní ìṣọ́wóná bí kì í ṣe èmi? Ẹ̀rín náà kò tíì kúrò lẹ́nu mi tí mo fi rántí ohun tó wà nínú àpótí náà.

Àpótí náà kò ní wá. Lẹ́tà yìí ni ó ń bọ̀ dípò rẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé nítorí pé etí rẹ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ orí fóònù dáadáa, àti nítorí pé ọ̀rọ̀ etí rẹ gan-an wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìyá rẹ sọ fún mi pé ìyá ọkọ rẹ ti bi ọ́ bóyá etí wíwúwo wà nínú ìran wa, pé nítorí ọmọ tó ń bọ̀ ni wọ́n ṣe ń béèrè. O ní o kò mọ èsì tí o máa fún wọn. Èmi mọ èsì náà. Ó ti tó ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí mo ti mọ̀ ọ́n.

Ní sùúrù fún mi kí n tó dé ibẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń lọ lọ́wọ́ nínú rẹ fún ọ, nítorí láti oṣù tó kọjá, èmi kò ronú kan ohun mìíràn mọ́. Ní àárọ̀, bí bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ bá ti gbé wa, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni mo máa ń jókòó sí. Mo á di ojú mi, mo á wá máa wo inú rẹ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wo ìsàlẹ̀ odò tó dákẹ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi rò pé oorun ni mò ń sùn. "Bàbá Òṣùwọ̀n, ẹ jí o, a ti dé géètì!" Mi ò sùn o. Ìrìnàjò ni mo lọ.

O mọ̀ pé fọ́ọ̀mù tírì ni mo ti fi ìwé sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ra ìwé bàyọ́lọ́jì àlòkù kan lábẹ́ afárá Sàngó nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún méjì, èyí tí èèpo iwájú rẹ̀ ti ya, mo sì ti ka ojú ewé kan ṣoṣo nínú rẹ̀ títí ó fi fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà. Ojú ewé ẹ̀dọ̀ ọmọ inú oyún ni. Kílíníìkì rẹ sọ fún ọ pé oyún rẹ pé ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ìwé tèmi máa pè é ní mẹ́wàá, nítorí kílíníìkì ń kà á láti ìgbà tí o rí nǹkan oṣù rẹ gbẹ̀yìn, ìwé sì ń kà á láti ọjọ́ tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ gan-an. Má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì yẹn dà ọ́ láàmú. Ìṣirò méjèèjì ló tọ̀nà.

Ní nǹkan bí ọjọ́ kejìlélógún, nígbà tí ìwọ fúnra rẹ kò tíì fura, ọkàn ọmọ náà ti ń mì. Kò tó kóró ọkà bàbà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkàn yìí ni ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ wà, tó tínrín bí òwú. Níbi tí ọ̀nà oúnjẹ yẹn ti fara kan ìtòsí ọkàn ni ohun kékeré kan ti wú, bí ojú iṣu tó fẹ́ hù. Ìyẹn ni ẹ̀dọ̀. Ìwé náà sọ pé bí kò bá sí ọkàn nítòsí, ibẹ̀ kò ní di ẹ̀dọ̀ rárá. Ọkàn ni ó ń ránṣẹ́ sí i ní gbogbo ìgbà pé, dìde, iṣẹ́ rẹ ti dé. Bí mo bá ti rò ó dé ibí yìí, bọ́ọ̀sì a máa léfòó lọ lábẹ́ mi bí ọkọ̀ ojú omi.

Láti ara ohun kan náà tó wú yìí, ẹ̀ka kékeré kan hù ní ìsàlẹ̀, ó di àpò òróòro. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àwọn àgbà tó ń sọ pé kí ẹni tí inú ń bí fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro, inú ẹran tí wọ́n pa ni wọ́n ti rí i pé òróòro wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀. Mo máa ń rò ó pé inú wọn ìbá dùn bí wọ́n bá mọ̀ pé ibì kan náà ni kíkorò àti sùúrù ti hù.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ni ọmọ nílò, mùdùnmúdùn inú egungun ni ó sì ni iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ ṣíṣe, ṣùgbọ́n egungun kò tíì le, ilé iṣẹ́ náà kò tíì ṣí. Ẹ̀dọ̀ bá gbà á ṣe. Àwa tí a ti ṣe káṣúà ní Ọ̀tà mọ irú iṣẹ́ yìí: o máa dúró sídìí ẹ̀rọ ẹlòmíràn, o máa ṣe é dáadáa, lọ́jọ́ tí oníṣẹ́ bá dé, o máa nu ọwọ́ rẹ, o máa padà sí àyè rẹ. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni ẹ̀dọ̀ ti gba iṣẹ́ yìí. Ó di nǹkan bí oṣù keje kí mùdùnmúdùn tó gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò sí ìwé tí wọ́n fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ló mú kí ẹ̀dọ̀ tóbi. Ní ọ̀sẹ̀ tí ìwọ wà yìí, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n gbogbo ara ọmọ náà ni ẹ̀dọ̀ nìkan. Gbogbo ọmọ náà kò sì ju mẹ́ta àbọ̀ nínú kóró ṣúgà tí a ń sọ sínú tíì lọ. Àbẹ̀kẹ́, ogún kílò ogún kílò ni òṣùwọ̀n tí mò ń ṣọ́ ní géètì iléeṣẹ́ wa fi ń kà. Tírélà tó kún fún irin ni mò ń wọ̀n, ohun tí kò bá tó ogún kílò, òṣùwọ̀n mi kò rí i. Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó síbẹ̀ láàárín tírélà méjì, mo máa ń rò ó pé wọ́n gbé ẹ̀dọ̀ kékeré yẹn sórí irin ńlá náà, gbogbo ayé sì dákẹ́ kí wọ́n lè ka nọ́ńbà rẹ̀.

Ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ikùn kò fi gba ìfun mọ́. Ìfun kó jáde, ó lọ ń gbé inú okùn ìwọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ló ń padà wọlé. Mo bẹ̀ ọ́, rántí èyí nígbà tí ìyá ọkọ rẹ bá wá tọ́jú ọmọ nínú yàrá kan àti pálọ̀ yín. Ẹni tó bá sún fún ẹlòmíràn kò pàdánù àyè rẹ̀.

Ó wá kù díẹ̀ kí ẹ̀dọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an, ìyẹn òróòro ṣíṣe. Òróòro yẹn ni ó máa mú ìgbẹ́ àkọ́kọ́ ọmọ dúdú bí ewé tí a jó. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ̀dọ̀ ọmọ kì í dá ṣe tán nínú oyún. Bí ẹ̀jẹ̀ bá gbó tó fọ́, ohun kan tó pupa rúsúrúsú máa ń jáde láti ara rẹ̀. Ìyá ni ó ń bá ọmọ kó o dànù, láti inú ibi ọmọ, títí di ọjọ́ ìbí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé ìwọ́, ẹ̀dọ̀ kékeré yẹn á kù òun nìkan.

Ibí ni mo ń bọ̀.

Nígbà tí ìyá rẹ lóyún rẹ, káṣúà ni mo ṣì jẹ́. Mo ti di aṣọ Múfú sínú àpótí láti ọdún mẹ́ta, mo sì da káńfọ̀ sí i, àwọn kóró funfun tó ń lé aáyán, kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Òjò kò tíì rọ̀ lọ́sẹ̀ tí wọ́n bí ọ, omi fífọ̀ ni a sì ń rà ní kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan. Ìyá rẹ ní, "Bàbá Múfú, ẹ jẹ́ kí n ṣan aṣọ yìí kí n tó wọ̀ ọ́ fún ọmọ."

Mo ní, "Aṣọ tó mọ́? O kò gbóòórùn rẹ̀ ni? Òórùn aṣọ tó mọ́ nìyẹn. Kẹ́ẹ̀gì mélòó lo fẹ́ dànù?"

Ó ní, "Òórùn yẹn ń ta mí nímú o."

Mo ní, "Imú olówó lo ní."

Ó kó aṣọ náà jáde. A fi àdí pa ọ́ lára, a wọ aṣọ náà fún ọ. Èmi kò mọ̀ nígbà náà pé òróró máa ń fa káńfọ̀ wọ ara ọmọ kíákíá.

Lọ́jọ́ kẹta, ojú rẹ pọ́n rúsúrúsú. Ẹ̀gbọ́n mi Sìfáwù, tó wá láti Ìwó, ní kí a gbé ọ sí oòrùn kí a sì fún ọ ní omi gúlúkóòsì. Ìyá rẹ ní kí a lọ sí ilé ìwòsàn. Mo ṣírò ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, mo ṣírò káàdì, mo ní kí a dúró di ọ̀la. Ọ̀la dé, mo tún ní ọ̀la. Lọ́jọ́ karùn-ún, o kò mu ọyàn mọ́, ọrùn rẹ sì ń tẹ̀ sẹ́yìn. Èmi ni mo gbé ọ sáré.

Nọ́ọ̀sì àgbà kan ló gbà ọ́ lọ́wọ́ mi. Kò tíì wo ojú rẹ tó fi béèrè pé, "Bàbá ọmọ, kí ló ń rùn lára ọmọ yìí?"

Mo ní, "Aṣọ rẹ̀ mọ́ ni, Mà."

Ó ní, "Mi ò bi yín bóyá ó mọ́. Mo ní kí ló ń rùn?"

"Káńfọ̀ ni, Mà."

Ó bọ́ gbogbo rẹ̀, ó dì í sínú náílọ̀n, ó sọ ọ́ síta. Wọ́n gbé ọ sábẹ́ iná búlúù, wọ́n sì pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ọjọ́ kẹjọ rẹ bá ọ níbẹ̀. Mo tẹ orí ba lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì náà, mo pe orúkọ rẹ sí ọ létí: Mọdínátù. Mo fi Àbẹ̀kẹ́ kún un, ẹni tí a bẹ̀ kí a tó kẹ́. Èmi kò mọ̀ bóyá o gbọ́.

Nígbà tí ara rẹ balẹ̀, nọ́ọ̀sì yẹn fi bírò ya ẹ̀dọ̀ sí ẹ̀yìn páálí kan fún mi. Òun ni olùkọ́ mi àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní, "Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun dà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́. Ẹ gbé iṣẹ́ ọjọ́ kan fún un, ó máa ṣe é. Káńfọ̀ fọ́ ẹ̀jẹ̀ oṣù kan lé e lórí ní ọjọ́ kan. Èyí tí kò lè kó dànù ló gun orí lọ." Ó sọ fún mi pé ó ṣeé ṣe kí ó ti kan etí rẹ. Ó tún ní ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn kan wà tí kì í gba káńfọ̀ rárá, pé kí èmi àti ìyá rẹ lọ yẹ tiwa wò. Mo béèrè iye tó jẹ́. Mo ní a máa lọ tó bá yá.

Ó ní, "Ẹ sọ fún ìyá rẹ̀ o."

Mo ní màá sọ.

Mo dé ilé, mo bá ẹ̀gbọ́n mi tó ti dá ẹjọ́ náà tán. Ìbẹ́pẹ ni. Ìyá rẹ fẹ́ràn ìbẹ́pẹ pọ́npọ́n nígbà tó lóyún rẹ, wọ́n ní àwọ̀ rẹ̀ ló wọ ọmọ lójú; nígbà tí a wá rí i pé etí rẹ wúwo, wọ́n ní òun náà ló di ọmọ létí. Gbogbo ilé gbà á gbọ́. Wọ́n wo ojú mi. Mo dákẹ́.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Irọ́ tèmi kò ní ẹsẹ̀ kankan. Mo kàn dákẹ́ ni, ó sì lọ fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n.

Nígbà tí o ní o lóyún, mo lọ san owó àyẹ̀wò tí mo ti sún síwájú láti ìgbà yẹn. Ẹ̀jẹ̀ mi ni. Ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ kò ní nǹkan kan. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé bàbá tó bá ní irú ẹ̀jẹ̀ yìí, gbogbo ọmọbìnrin rẹ̀ ló máa fún, pé ọmọbìnrin náà sì lè fún ọmọ tirẹ̀: nínú ọmọ méjì, ó lè bọ́ sí ọ̀kan lára. Bí ó bá wá jẹ́ ọmọkùnrin, ó máa ń le jù.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo sọ fún ìyá rẹ. Ẹ̀fọ́ ló ń já lọ́wọ́. Mo ní, "Ìyá Múfú, ìbẹ́pẹ kọ́."

Ó ní, "Ìbẹ́pẹ wo?"

"Ojú Àbẹ̀kẹ́. Aṣọ tí mo ní kí o má fọ̀ yẹn ni. Káńfọ̀ ni."

Ó gbé ẹ̀fọ́ sílẹ̀. "Láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ilé ìwòsàn."

"Nígbà tí wọ́n ń pè mí ní Ìyá Oníbẹ́pẹ ní Ìwó, ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

"Nígbà tí ẹ̀gbọ́n yín gba ọmọ lọ́wọ́ mi lójú gbogbo ìdílé, tó ní kí n má fi ọ̀kánjúwà pa á, ẹ wà ńbẹ̀, ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Ó wé gèlè rẹ̀, ó jáde. Mo rò pé Ìwó ló gbà lọ. Nígbà tó padà dé, ìbẹ́pẹ kan ló gbé lọ́wọ́, tó tó orí ọmọ ọdún kan. Ó là á, ó jókòó síwájú mi, ó jẹ ẹ́ tán pátápátá. Kò gé ẹyọ kan fún mi. Ó wo ọ̀bẹ, ó ní, "Ó ṣì dùn." Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ tí ilé kò lè ṣe aláìní nìkan ló ń bá mi sọ. "Gáàsì ti tán." "Ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn." Mi ò bẹ̀ ẹ́ kó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro. Ó ti ṣe é fún ọdún tó pọ̀ tó.

Nítorí náà, ọmọ mi, gbọ́ ìmọ̀ràn mi. Mo ti san owó rẹ̀.

Èkíní. Káńfọ̀ kò gbọdọ̀ wọ ilé rẹ, kì báà ṣe nínú àpótí, kì báà ṣe nínú ilé ìyàgbẹ́. Ra aṣọ tuntun díẹ̀, fọ̀ ọ́, sá a. Aṣọ mẹ́fà tó fún ọmọ tuntun bí o bá ń fọ̀ ọ́ déédéé. Mo ti ṣírò rẹ̀. Àwọn ìyá àgbà máa mú aṣọ olówó iyebíye jáde láti inú àpótí láti fi pọn ọmọ. Kúnlẹ̀, fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, Mà, aṣọ tèmi ni kí ẹ fi pọ̀n ọ́n."

Èkejì. Bí wọ́n bá bí i, gbé e sí ẹ̀bá fèrèsé lójoojúmọ́ kí o wo funfun ojú rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Bí ó bá pọ́n, má gbé e sí oòrùn, má fún un ní omi gúlúkóòsì, ilé ìwòsàn ni kí o gbé e lọ ní wákàtí kan náà. Bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá sì funfun bí ẹfun, kódà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, gbé e lọ. Ìyẹn ni pé òróòro kò rí ọ̀nà jáde.

Ẹ̀kẹta, àgbo inú ìgò. Mi ò bú ẹni tó ń tà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ohun tí o mu láti ibi ọmọ lọ sí ara ọmọ, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni géètì àkọ́kọ́ tí èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ń gbà kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan máa ń gba ẹ̀bùrú lọ sí ọkàn tààrà. Ohun tí o kò bá mọ ìwọ̀n rẹ̀, má rán an sí géètì yẹn. Oògùn tí kílíníìkì fún ọ náà, béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ rẹ gbà á.

Mo ti rò láti kọ márùn-ún, ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ló kù tó wù mí kí n sọ. Máa ṣọ́ owó ná, má fi í sílẹ̀ nítorí mi. Ilé tí a ń gbé yìí, ìṣọ́wóná ló kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ohun méjì wà tí mo ti yọ kúrò nínú ìṣirò: omi tí a fi ń fọ nǹkan ọmọ, àti ọ̀nà ilé ìwòsàn. Má dín wọn kù.

Mo fi ìwé kékeré kan há inú lẹ́tà yìí. Orúkọ gígùn tí dókítà pe ẹ̀jẹ̀ mi ló wà níbẹ̀, mo dà á kọ lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn kí n má baà ṣì í. Mú un lọ sí kílíníìkì lọ́jọ́ Wẹ́sídeè, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ káàdì rẹ, kí ẹni tó bá máa gbẹ̀bí rẹ rí i. Bí ìyá ọkọ rẹ bá tún béèrè ọ̀rọ̀ etí, gbé lẹ́tà yìí fún wọn kí wọ́n kà á. Má ṣe fi ọwọ́ bo ibì kankan. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi fúnra mi ń lọ sí Ìwó láti sọ ọ́ lójú ẹ̀gbọ́n mi àti gbogbo àwọn tó gbọ́ ti ìbẹ́pẹ. Ìyá rẹ ní òun máa bá mi lọ, pé òun fẹ́ jókòó síwájú.

Mi ò ní kí o dárí jì mí. Kọ́kọ́ mú ìwé kékeré yẹn lọ fún nọ́ọ̀sì. Bí ó bá ti gbà á lọ́wọ́ rẹ, tó sì ti kọ ọ́ sínú káàdì, o lè wá jókòó kí o bínú sí mi, bó ṣe tó àti bó ṣe pẹ́ tó. Mo wà ńlé.

Èmi bàbá rẹ tó ní kí wọ́n má fọ aṣọ náà,
Bàbá Múfútàú.